Fífi Orin Kọ́ Ọmọ ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì: Ìbéèrè tí Àwọn Òbí àti Tíṣà Máa Ń Bi Wá ní Ògbómọ̀ṣọ́

Láti Tákíẹ́ títí dé Ìjerù, ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn òbí àti àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ wa máa ń bi wá tí wọ́n bá gbọ́ pé orin la fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n ṣe máa ń bi wá ni mo ṣe tò wọ́n. Tí àyè ẹyọ kan péré bá gbà yín láti kà, ẹ ka èyí tó dá lórí ọmọ tó mọ orin lórí ṣùgbọ́n tí kò lè dáhùn ìbéèrè. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Owó ìwé ni mo san. Kí ló dé tó jẹ́ orin lẹ fi ń gba àkókò ọmọ mi?

Orin náà ni ìwé ọ̀hún, ẹ̀yin òbí wa. Ẹ wo bí a ṣe ń kọ́ ọmọ nílùú yìí kó tó di òní. Ní ilé kéú, ohùn kan náà ni gbogbo ọmọ fi ń ké súrà tẹ̀lé alùfáà títí yóò fi wọ̀ wọ́n lára. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, orin ni àwọn ọmọ fi ń mọ orúkọ ìwé inú Bíbélì ní ẹsẹẹsẹ. Àlọ́ tí ìyá àgbà pa fún wa, a lè ti gbàgbé ìtàn rẹ̀, orin inú rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wa. Ìlú Ògúndáre Fọ́yánmu oníìjálá nìyí. Fífi ohùn gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa.

Àwọn onímọ̀ náà ti wádìí rẹ̀. Ní 2014, Karen Ludke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Edinburgh gbé iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n pín 60 àgbàlagbà sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n fún wọn ní ìṣẹ́jú 15 láti kọ́ gbólóhùn mélòó kan ní èdè Hungary. Àwọn kan ń sọ ọ́ lẹ́nu lásán, àwọn kan ń sọ ọ́ tẹ̀lé ìlù, àwọn kan ń kọ ọ́ lórin. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n sọ èdè náà jáde fúnra wọn, àwọn tó fi orin kọ́ ọ ló ṣe dáadáa jù. Ìṣẹ́jú 15 kò tó ohun tí èèyàn lè búra lé lórí, àgbàlagbà sì yàtọ̀ sí ọmọdé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí bá ohun tí à ń rí ní kíláàsì mu.

Kí ló mú Gẹ̀ẹ́sì nira fún ọmọ Yorùbá gan-an?

Ohun mẹ́ta ni, ẹ̀kẹta sì ju méjì yòókù lọ.

Àkọ́kọ́ ni ìró. Yorùbá ní kọ́ńsónáǹtì 18 àti fáwẹ́lì àìránmúpè 7, yàtọ̀ sí àwọn aránmúpè. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò fún wa ní kọ́ńsónáǹtì 24 àti ìró fáwẹ́lì 20. Ọmọ á wá fi èyí tó ní rọ́pò èyí tí kò ní: thin á di tin, van á di fan, zoo á di soo, church á di shurch. Ship àti sheep á di ọ̀kan náà, torí i kan ṣoṣo la ní. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí, àwọn kan tún wà tí s àti ṣ ti ń dàpọ̀ mọ́ lẹ́nu láti inú Yorùbá wá, tí wọ́n á máa pe shoe àti Sue bákan náà.

Èkejì ni ìparí ọ̀rọ̀. Fáwẹ́lì ló máa ń parí sílébù Yorùbá, a kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra. Bread di búrẹ́dì, school di súkúù. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tiwa ni wọ́n ti dà. Àmọ́ tí ọmọ bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí desk ń jáde bíi désìkì, tíṣà ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ẹ̀kẹta ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni Yorùbá fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, sílébù kọ̀ọ̀kan sì ń gba àkókò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú banana, sílébù àárín ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ni wọ́n ń fà, méjì yòókù kàn ń sáré kọjá ni. Ohun tí àwọn tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stress nìyẹn. Tí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ ọ, á rò pé ohùn òkè ni. Á pe gbogbo sílébù ní kíkún, á wá gbé ọ̀kan sókè. Gírámà rẹ̀ lè pé, síbẹ̀ àlejò tó ti òkèèrè wá á ní kó tún un sọ. Ibí yìí gan-an ni orin ti wúlò jù, torí ìlù inú orin ló ń sọ fún ọmọ ibi tó ti yẹ kó tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ àti ibi tó ti yẹ kó sáré. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ìwé kíkà nìkan mọ èyí.

Báwo lẹ ṣe ń fi àtẹ́wọ́ kọ́ ọ?

Ẹ kọ ìlà mẹ́ta yìí sí bọ́ọ̀dù:

Goats eat yams.
The goats will eat the yams.
The goats have been eating the yams.

Ẹ pàtẹ́wọ́ mẹ́ta fún ìlà kọ̀ọ̀kan: lórí goats, lórí eat, lórí yams. Kí àtẹ́wọ́ náà máa lọ déédéé, kó má yára, kó má falẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ní sílébù mẹ́ta, èkejì ní mẹ́fà, ẹ̀kẹta ní mẹ́jọ, síbẹ̀ àkókò kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ gbà. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọmọ á fẹ́ pàtẹ́wọ́ sórí gbogbo sílébù, bí a ṣe máa ń ṣe nínú orin tiwa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ ní mẹ́ta péré lẹ fẹ́. Ẹ̀rín á sọ, torí ẹnu wọn á ní láti sáré lórí "have been" kó lè bá àtẹ́wọ́ pàdé. Sísáré yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan ti gbọ́ ohun tí àlàyé tíṣà fún odidi táàmù lè má fi yé e.

Tí èyí bá ti mọ́ wọn lára, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: boys sell bread, girls drink milk, men build walls. Kí àwọn ọmọ máa mú tiwọn wá.

Fún ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún sílébù tó rọ̀, kí wọ́n sì nàró fún èyí tí wọ́n ń tẹ̀: TEA-cher, to-MA-to, HOS-pi-tal. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń tẹ àárín hospital. Iwájú ni.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dára fún iṣẹ́ yìí, agogo náà dára, kódà kí wọ́n máa fi ìka gbá tábìlì. Gángan àti dùndún ni mi ò fọwọ́ sí. Wọ́n ń fọhùn jù. Tí ọmọ bá ti gbọ́ ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ láti ara ìlù, á padà sí ohùn Yorùbá tí à ń gbìyànjú láti yà sọ́tọ̀ kúrò lára Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi ìlù tó ń fọhùn sílẹ̀ de ẹ̀kọ́ Yorùbá, ibẹ̀ ló ti máa ń dùn jù.

Ìró th, v, z àti ch ńkọ́?

Ojú ló ń kọ́ ẹnu ní ti àwọn wọ̀nyí. Fún th, orí ahọ́n gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ láàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹ ní kí àwọn ọmọ kọjú síra ní méjì méjì, kí oníkálukú máa wo ahọ́n ẹnì kejì, kí wọ́n wá máa kọ ọ́ pé "This is my mother, this is my father, this is my brother too." Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò bá yọ, ẹnì kejì rẹ̀ á sọ fún un. Fún v, eyín òkè á fara kan ètè ìsàlẹ̀, ọ̀fun á sì máa gbọ̀n. Kí ọmọ gbé ọwọ́ lé ọ̀fun kó lè mọ̀ ọ́n. Z kò ju s tí a ti ohùn sí lọ, àwọn ọmọ kékeré sì fẹ́ràn rẹ̀ torí ìró oyin ni. Ch ni t tí wọ́n so mọ́ ṣ láìsí àlàfo láàárín wọn.

Ẹ kíyè sí ohun kan tí àwọn tíṣà kì í sábà mọ̀. Orin tí wọ́n ń fà gùn máa ń ba fáwẹ́lì kúkúrú jẹ́. Tí ẹ bá fi orin fa ship, sheep ló máa dà, kò sí bí akọrin ṣe lè ṣe é. Àwọn akọrin sì máa ń gbé kọ́ńsónáǹtì ìparí mì. Nítorí náà, fún fáwẹ́lì kúkúrú àti ìparí ọ̀rọ̀, ẹ má kọ ọ́ lórin, ẹ ké e bí ewì tẹ̀lé àtẹ́wọ́.

Ṣé orin lè tún gírámà ṣe?

Ó lè tún apá kan ṣe dáadáa. Ibi tó ti wúlò jù ni ibi tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kò ti bára mu, tí ọmọ mọ òfin rẹ̀ nínú ìwé ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ ń gbàgbé.

Àpẹẹrẹ kan ni he àti she. "Ó" kan ṣoṣo la ní fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àga. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó gbọ́n púpọ̀ ṣì fi lè sọ pé "My mother, he is coming." Ìbáwí kì í wo èyí sàn. Lílé àti ègbè ló ń wò ó sàn. Orin kan tí a ṣe fúnra wa rèé, kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀:

My sister sells tomatoes, she sells them at Takie.
My brother drives a lorry, he drives it to Sabo.
Who sells tomatoes? She does!
Who drives a lorry? He does!

Tíṣà á lé, kíláàsì á gbè. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọmọbìnrin kan àti ọmọkùnrin kan jáde síwájú, kí gbogbo kíláàsì máa nawọ́ sí ẹni tó kàn. Ẹ yí iṣẹ́ wọn padà, ẹ yí ibi tí wọ́n ń lọ padà, kó di Arówómọlẹ̀, kó di Ọjà Jagun. Ọwọ́ tí ọmọ ń nà yẹn ń bá ẹnu rẹ̀ rántí.

Ẹ wo s tó wà lẹ́yìn sells àti drives. Mo tà, o tà, ó tà, wọ́n tà: ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá kì í yí ara padà nítorí ẹni tó ń ṣe nǹkan. Ọmọ kò rí ìdí tí ti Gẹ̀ẹ́sì fi ní láti yí. Ẹ ní kí wọ́n máa fi ìka ta pó nígbàkígbà tí s yẹn bá dé. Tí ìka bá gbàgbé, etí á gbọ́ pé nǹkan kù.

Bákan náà ni ohun tó ti kọjá. "Yesterday I walked to the farm, yesterday I called my friend, yesterday I planted maize." Ed mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìró mẹ́ta ni wọ́n ní: walked ń parí sí t, called ń parí sí d, planted nìkan ló ní sílébù kún un. Ọmọ tó bá ń pe walked ní sílébù méjì kò ní lè bá ìlù orin náà rìn, á sì gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí.

Ní ti a àti the, mi ò ní purọ́ fún yín. Orin á mú kí wọ́n mọ́ ọmọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n mímọ ìgbà tí wọ́n ń lo ọ̀kan dípò èkejì, ìwé kíkà àti ọ̀rọ̀ sísọ ló máa kọ́ ọ, ó sì máa ń pẹ́.

Irú orin wo ni kí a yàn?

Èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́, tí ègbè rẹ̀ ń padà wá, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ohun tí ọmọ lè lò ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ gbọ́ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó gbé e wọ kíláàsì, torí ẹsẹ kejì ni ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá sábà máa ń sápamọ́ sí.

Orin tó gbòde lórí rédíò nílò ìṣọ́ra. Olórin á kọ "she don't", á kọ "ain't", á kọ "gonna", ọmọ á sì kọ ọ́ sínú àròkọ. Púpọ̀ nínú orin tiwa náà ló da Pidgin pọ̀ mọ́ Yorùbá. Pidgin kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó bàjẹ́, èdè tó ní òfin tirẹ̀ ni, mo sì máa ń mú un wá síwájú àwọn ọmọ girama kí wọ́n lè fi gbólóhùn inú rẹ̀ wé ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ kékeré ni kí ẹ má tíì dà á rú mọ́ lójú.

Orin ìjọ ńkọ́? Ìlú tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ Bíbélì àwọn Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní 1898, kò sí bí wọn ò ṣe ní bi wá. Orin ìjọ ń lọ jẹ́jẹ́, fáwẹ́lì inú rẹ̀ sì máa ń ṣe kedere. Àmọ́ thee, thou àti hast kún inú àwọn tó ti pẹ́. Ẹ sọ fún ọmọ pé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ nìyẹn, kó má lọ kí tíṣà rẹ̀ pé "How art thou?"

Orin A-B-C tí gbogbo wa kọ́ ńkọ́? Ṣé ó ṣì wúlò?

Ó wúlò láti mọ bí lẹ́tà ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1835, ohùn orin Faransé kan tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì gbé e lé. Ìṣòro méjì ló ní. Orin náà ń sáré kọjá L-M-N-O-P débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ gbà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹ falẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì máa nawọ́ sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lára ògiri. Èkejì, "zee" ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n fi parí rẹ̀ kó lè bá ìlà tó tẹ̀ lé e mu, nígbà tó jẹ́ pé "zed" là ń kọ́ ọmọ níbí. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ dúró lé e. Orúkọ lẹ́tà sì yàtọ̀ sí ìró rẹ̀: ọmọ tó mọ orin yìí kò tíì mọ̀wé kà.

Ṣé a lè gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé orin Yorùbá?

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orin ìjọ wa. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Yorùbá tí wọ́n sì fi ohùn orin Òyìnbó kọ ọ́, ohùn orin ń gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ sì ń dàrú. T.K.E. Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní káàtídírà Christ Church ní Lagos, wà lára àwọn tó ja ìjà pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Tí a bá gbé Gẹ̀ẹ́sì lé orin àlọ́ wa bó ṣe wà, irú àṣìṣe yẹn náà ló máa padà wá láti òdì kejì: sílébù tí kò yẹ ni a ó máa tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ sí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà láìsí orin. Ìgbà tí ẹ bá mọ ibi tí agbára rẹ̀ wà ni kí ẹ tó wá ohùn tó bá a mu. Ohun tí mo máa ń yá láti inú àlọ́ ni lílé àti ègbè rẹ̀, torí ìbéèrè àti ìdáhùn ni ọ̀rọ̀ ẹnu láàárín èèyàn méjì. "Where are you going?" "I'm going to the market." "What will you buy there?" Kò tún sí ohun tó dára tó o.

Mùsùlùmí ni wá, a ò sì fẹ́ ohun èlò orin. Ṣé ọmọ wa á pàdánù?

Rárá. Ohùn ẹnu nìkan tó. Ẹ lè yọ àtẹ́wọ́ náà kúrò, kí ọmọ máa fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tàbí kó fi ìka kan tábìlì, ìlù ọ̀rọ̀ náà á ṣì dúró. Ọmọ tó ti ń lọ sí ilé kéú sábà máa ń ṣe dáadáa nínú èyí, torí ó ti mọ bí a ṣe ń fetí sí ẹni tó ń lé, ó sì ti ń pe ìró tí kò sí nínú Yorùbá láti kékeré. Kí òbí bá tíṣà sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Tíṣà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á gbà.

Mi ò lóhùn. Ṣé mo lè fi orin kọ́ ọmọ?

Ẹ lè ké e bí ewì. Ọmọ kì í dá tíṣà lẹ́jọ́ lórí ohùn. Tí ọmọ kan bá wà ní kíláàsì tó lóhùn, ẹ fi ṣe ẹni tí yóò máa lé.

Kíláàsì wa kún, kò síná, kò sí sípíkà, ariwo á sì dí kíláàsì kejì lọ́wọ́.

Sípíkà kò pọn dandan. Mo tilẹ̀ fẹ́ràn ohùn tíṣà ju ti fóònù lọ, torí tíṣà lè falẹ̀, ó lè dúró, ó sì lè padà sí ibi tó ti bàjẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ẹnu àwọn tó ni èdè, ẹ ti wa orin náà sórí fóònù láti ilé kí dátà má baà dí yín lọ́wọ́.

Ní ti èrò, ẹ pín kíláàsì sí mẹ́rin. Ìlà kan ń kọrin, ìlà kan ń pàtẹ́wọ́, ìlà kan ń ṣe ohun tí orin wí, ìlà kẹrin ń fetí sí àṣìṣe. Kí wọ́n máa pààrọ̀. Ọmọ tó dákẹ́ sáàárín èrò kò níbi tó máa sá sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó dá nìkan dúró tójú ń tì. Ní ti ariwo, ẹ jáde sábẹ́ igi, tàbí kí ẹ fi í sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ṣáájú ìsinmi. Ẹ sì lè ní kí wọ́n kọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Wúyẹ́wúyẹ́ yẹn máa ń fi kọ́ńsónáǹtì ìparí hàn ju igbe lọ.

Ọmọ mi mọ orin náà lórí, ṣùgbọ́n tí mo bá bi í ní ìbéèrè, kò lè dáhùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ti ń kùnà nìyí, títí kan àwọn tó ń gba owó gọbọi. Ní òpin ọdún, àwọn ọmọ á tò síwájú àwọn òbí, wọ́n á kọrin Gẹ̀ẹ́sì mẹ́fà láìṣì ọ̀rọ̀ kan, gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, tí ẹ bá bi ọ̀kan nínú wọn pé "What does your sister sell?" á máa wò yín. Orin wà lẹ́nu rẹ̀, èdè kò sí níbẹ̀. Ó ń kọ ọ́ bí ẹni ń kọ orin èdè tí kò gbọ́, ẹ̀bi rẹ̀ sì kọ́.

Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú orin. Kò ní jáde fúnra rẹ̀, tíṣà ló máa fà á jáde, ó sì yẹ kí ìfàjáde náà gba àkókò ju kíkọ orin lọ. Tí ẹ bá ní ìṣẹ́jú 40, ẹ má fi ju 15 kọrin.

Ẹ kọ́kọ́ dá orin dúró láàárín méjì lójijì, ẹ bi ọmọ kan pé kí ló kàn, kó sọ ọ́ láìkọ ọ́ lórin. Ọ̀pọ̀ á ní láti padà bẹ̀rẹ̀ látòkè kí wọ́n tó rí i. Ẹni tó bá ṣì ń padà sókè kò tíì ní ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè ìtumọ̀ ní Yorùbá, láìtijú. Kí ni "drives"? "Ó ń wà." Kí ló ń wà? "Ọkọ̀." Ó ti yé e nìyẹn. Ẹ wá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí orin dúró bó ṣe wà: dípò tomatoes, kí ọmọ mú ohun tí ìyá tirẹ̀ ń tà wá. Ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ á tàn, torí gbólóhùn náà ti di tirẹ̀. Paríparí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì fi ọ̀rọ̀ kan náà bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí orin, láìsí àtẹ́wọ́: "What does your mother sell?" "She sells pepper." "Where does she sell it?" Tí s bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí orin ti lọ, ọmọ ti kọ́ ọ. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ padà sí orin lọ́la, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Orin mẹ́rin tó jáde báyìí ní táàmù kan sàn ju ogún tó wà lẹ́nu lásán lọ.

Ṣé Gẹ̀ẹ́sì yìí kò ní ba Yorùbá ọmọ jẹ́? Ó dáa kí a fi òfin de Yorùbá ní kíláàsì ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi òfin dè é. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, tí tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n sì ta yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ìlànà ìjọba ti yí padà láti ìgbà náà. Ní 2022 wọ́n ní èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ní 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohunkóhun tí ìlànà bá wí, ọmọ tí wọ́n ń nà torí pé ó sọ Yorùbá máa ń dákẹ́ ni, ẹni tó dákẹ́ kò sì lè kọ́ èdè kankan.

Ọmọ mi fẹ́ ṣe WAEC. Ṣé orin kò ti kéré sí i?

Kò kéré rárá. Ìwé kẹta nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC ni Oral English, ìbéèrè 60 ló wà níbẹ̀: fáwẹ́lì, kọ́ńsónáǹtì, stress, àti ọ̀rọ̀ tó bára mu ní ìparí. Ewì Yorùbá ìbílẹ̀ kì í fi ìró ìparí ìlà ṣe ọ̀ṣọ́ bí ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà etí ọmọ wa kì í wá a. Ẹ jẹ́ kó máa fi ọ̀rọ̀ méjì méjì ṣe ìlà orin: blood pẹ̀lú mud, kì í ṣe pẹ̀lú food, said pẹ̀lú bed, kì í ṣe pẹ̀lú paid, heard pẹ̀lú bird. Ìkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tan ojú jẹ, etí ni kó gbẹ́kẹ̀ lé.

Apá tí àwọn ọmọ bẹ̀rù jù ni èyí tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn, tí wọ́n ní kí ọmọ mú ìbéèrè tó bá a mu. Lílé àti ègbè náà ni. "Who bought a red bag?" "ADE bought a red bag." "Did Ade buy a blue bag?" "Ade bought a RED bag." Ẹ kọ ọ́ lórin bẹ́ẹ̀ títí yóò fi di eré, kò ní bà á lẹ́rù mọ́.

Àgbàlagbà ńkọ́? Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ìyá ọlọ́jà?

Wọ́n lè ṣe é, àmọ́ ojú máa ń tì wọ́n ju ọmọdé lọ. Ẹ má fún wọn ní orin ọmọdé. Ẹ fún wọn ní gbólóhùn tí wọ́n máa lò fún oníbàárà, kí wọ́n fi àtẹ́wọ́ ké e: "How much do you want to pay?" "I'll give you a good price." Àwọn tó fẹ́ràn orin ìjọ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, torí wọ́n ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá.

Wọ́n ní kí a máa lu orin jẹ́jẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí ọmọ lè tètè mọ èdè. Ṣé òótọ́ ni?

Georgi Lozanov, oníṣègùn ọpọlọ ará Bulgaria, ló gbé ọ̀nà yẹn kalẹ̀. Orin àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ló máa ń lò nígbà tí tíṣà bá ń kàwé. Ó lè mú ara tu ọmọ. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì tó kún, tí òjò ń rọ̀ sórí páànù, ohùn tíṣà gan-an ni kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́.

Èmi fúnra mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni mo lè ṣe nílé?

Púpọ̀. Ẹ ní kí ọmọ kọ́ yín ní orin tó kọ́ ní ilé ìwé, ìlà kan lálẹ́ ọjọ́ kan, kó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún yín ní Yorùbá. Ọmọ tó ń kọ́ ìyá rẹ̀ á fẹ́ mọ̀ ọ́n dájú. Tí kò bá lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ má bá a wí, ẹ ní kó lọ bi tíṣà rẹ̀ lọ́la. Tíṣà náà á wá mọ̀ pé orin rẹ̀ kò tíì jáde. Tí ẹ bá ní fóònù, ẹ gba ohùn ọmọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe nígbà tó bá ń kọrin. Ẹ tún gbà á ní ìparí táàmù, kí ẹ gbé méjèèjì lọ fún tíṣà, kí ẹ jọ gbọ́ ọ.